Kọnkéré Tí Kò Tíì Gbẹ

Ká tó wọ oṣù kẹrin ọdún ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ariwo òjò ládùúgbò wa ní Ailegun, l'Ékòó. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Omi ti wọlé wa rí ni. Ọdún tá a kọ́kọ́ kó débẹ̀, kò tíì sí gọ́tà lójú ọ̀nà wa, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo ló gbé bàtà àwọn ọmọ mi lọ, tó sì rin ìwé ẹ̀rí ọkọ mi gbindin débi pé kò sẹ́ni tó lè ka orúkọ rẹ̀ lára wọn mọ́. Àtìgbà náà ni mo ti búra pé omi ò ní jẹ́ kójú mi rí màbo mọ́. Tíṣà ni mí, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ mí lẹ́wù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe ń pàṣẹ ní kíláàsì ni mo ṣe ń pàṣẹ nílé. Nígbà tí àwọn aráàdúgbò wá fi mí ṣe akọ̀wé wọn, ṣe ni wọ́n da epo síná.

Ọkọ mi, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa gorí òrùlé lọ wo ìṣó páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kan èyí tó bá ti tú, á gbé táyà àlòkù mẹ́ta lé páànù ilé ìdáná kí atẹ́gùn má bàa ká a. Èmi á ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi fúrúùtù tó ń nà sójú wáyà. Màá gbé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ kúrò. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ilé àti fọ́tò ìgbéyàwó wa á wọ inú náílọ́ọ̀nù méjì, màá dì wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, màá sì gbé e ka orí wọ́dúróòbù. Ọkọ mi á dúró máa wò mí.

"Ṣé ogun ló ń bọ̀ ni?"

"Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Ẹni eji rí leji ń pa."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo fi ohun kan kún un. Mo ní kí bíríkìlà da kọnkéré síwájú géètì wa, kó ga, kó fẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ géètì títí dé etí títì, kí omi tó bá ń bọ̀ lè rí i kó yà lọ. Ojú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló gba iwájú ilé wa wọ inú àdúgbò, nítorí náà kọnkéré mi bo ojú ọ̀nà náà já. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé àdúgbò ni mí, ta ni mo fẹ́ bi?

Ilé tó tẹ̀ lé tiwa, tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ni Àlàájà ń gbé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti wá. Wọ́n ta aṣọ lọ́jà Aswani títí orúnkún fi ní kí wọ́n jókòó sílé. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti tú ká, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Lọ́dún tí omi kọ́kọ́ wọlé wa, ó wọ ilé tiwọn náà. Síbẹ̀, àwọn ló gbé ìró gbígbẹ mẹ́rin wá látorí àjà wọn, tí wọ́n fi wé àwọn ọmọ mi. Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, mo mọ̀ ọ́n, mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé Èkó ló mọ àṣà yìí. A máa jáde ní Sátidé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, a máa gbọ́n ẹrẹ̀ dúdú inú gọ́tà, a máa kó o jọ sí etí gọ́tà ní òkìtì òkìtì, a máa fọwọ́ nu ojú, a máa lọ wẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á gba gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà, gọ́tà á wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdọọdún là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo kọ ọ́ sórí wasáàpù àdúgbò pẹ̀lú lẹ́tà ńlá pé ẹrẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ pẹ́ létí gọ́tà lọ́tẹ̀ yìí. Mo bú àwọn tí kò jáde ní Sátidé yẹn. Mo ní èmi fúnra mi ni màá pe bàbá ọlọ́mọlanke, kí wọ́n wá kó ẹrẹ̀ náà lọ.

Àgbàlagbà ni bàbá náà, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Ìlú kékeré kan lọ́nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Kò sí ilé tí wọn ò ti bá gbé ẹrù rí ládùúgbò wa, yálà sìmẹ́ńtì, fíríìjì tó bà jẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn á dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Bíríkìlà dé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó da kọnkéré náà, ó fi irin rẹ́ ojú rẹ̀, ó ń dán. Ó ní kí n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohun tó wúwo gorí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wọṣọ tán, mo fẹ́ máa lọ síléèwé, nígbà tí mo rí ọmọlanke tó ń bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Ẹrẹ̀ yẹn ni mo wá kó."

Mi ò dáhùn ìkíni. Ojú mi wà lára táyà ọmọlanke.

"Dúró ńbẹ̀! Ṣé o ò ríran ni? O fẹ́ fi táyà yẹn ba kọnkéré mi jẹ́?"

Wọ́n dúró. Wọ́n wo kọnkéré náà, wọ́n sì wo ojú ọ̀run.

"Ẹ má bínú, mà. Tẹ́ ẹ bá ní pákó méjì, ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá rọra yí i kọjá. Ẹrẹ̀ yìí ò yẹ kó pẹ́ níbí o. Ojú ọjọ́ yìí ò dáa tó."

Pákó wà. Pákó tí bíríkìlà lò wà lẹ́yìn ilé, mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́, inú ti ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí àpá kankan wà lójú kọnkéré tuntun.

"Pákó wo? Padà wá ní Tọ́sìdeè. Á ti gbẹ nígbà yẹn."

"Tọ́sìdeè, mà?"

"Tọ́sìdeè ni mo sọ. Àbí o ò gbọ́?"

Wọ́n yí ọmọlanke wọn padà, wọ́n lọ. Ìwọ ni mò ń pe ẹni tó lè bí ẹ̀gbọ́n mi, kò tiẹ̀ hàn sí mi pé mo ṣe nǹkan kan. Fèrèsé Àlàájà ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò wo apá ibẹ̀.

Oòrùn mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú mi sì dùn pé mo gbọ́n. Mo wọ́n omi sí kọnkéré mi láàárọ̀, mo wọ́n ọn nírọ̀lẹ́, mo ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Tí mo bá kọjá lára òkìtì ẹrẹ̀ tó wà níwájú ilé Àlàájà, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó ku ọjọ́ méjì.

Ọjọ́rú lòjò náà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé wọlé ni ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn dé, ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń gbé ìdérí tánkì omi ẹnì kan yí gbiri lójú títì. Páànù ilé kan lápá òkè ká sókè, ó sì ń lu ara rẹ̀. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo rìn síbí, mo rìn sọ́hùn-ún nínú ilé, mo yẹ àjà wò. Kò sí ibi tó ń jò. Omi tó wá láti títì dé ẹsẹ̀ kọnkéré mi, ó rí i, ó yà. Mo po tíì. Mo kọrin ìsìn. Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kù: mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ya fọ́tò iwájú ilé mi tó gbẹ, mo fi í sórí wasáàpù àdúgbò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá múra sílẹ̀ kì í jìyà."

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Àlàájà. Wọn ò pariwo. Ṣe ni wọ́n kàn ń pè lemọ́lemọ́ pé, "Ẹ gbà mí o, ẹ gbà mí o," bí ẹni tí ó ti rẹ̀.

Omi inú yàrá wọn ti kan orúnkún mi nígbà tí mo wọlé. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, tẹ̀súbáà wà lọ́rùn wọn. Mo ní kí n gbé wọn jáde, wọ́n kọ̀. Wọ́n nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àpótí mi. Bá mi wá àpótí mi, Tíṣà."

Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ wá a lábẹ́ omi dúdú yẹn, mo fà á jáde. Àpótí irin ni, omi ń jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àlàájà fúnra wọn ló ṣí i. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, aṣọ funfun, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Funfun yẹn ti di àwọ̀ gọ́tà.

Mo mọ aṣọ náà. Wọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi rí. Lọ́dún tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n rà á, wọ́n rì í sínú omi mímọ́ Samsam, wọ́n sá a níbẹ̀ títí ó fi gbẹ, wọ́n sì gbé e wálé. Aṣọ tí wọ́n máa fi sin wọ́n ni. Ó ti wà nínú àpótí yẹn kí ọkọ wọn tó kú. Wọn ò sunkún. Wọ́n fún omi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, wọ́n tún fún ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Òjò dá. Àwọn aráàdúgbò péjọ síwájú ilé Àlàájà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkìtì ẹrẹ̀ náà ti wó padà sínú gọ́tà gẹ́lẹ́ níwájú ilé Àlàájà, ó dí i pa, omi tí kọnkéré mi mú yà sọ́hùn-ún kò sì rí ọ̀nà gbà ju ẹnu ilẹ̀kùn wọn lọ. Alága àdúgbò, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, ẹrẹ̀ yìí ṣì wà níbí? Ṣé bàbá ọlọ́mọlanke ò wá ni?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn: wọ́n wá, mo lé wọn nítorí kọnkéré. Mo wo fọ́tò tí mo fi sórí wasáàpù nínú ọkàn mi, mo wo àwọn tí mo ti bú.

"Wọn ò wá o," ni mo sọ. "Mo dúró dè wọ́n títí mo fi pẹ́ síṣẹ́."

Ìgbà tí mo fẹ́ parọ́ mọ́ wọn ni mo rántí ọ̀wọ̀.

Inú bí àwọn èèyàn. Ẹnì kan ní ọ̀lẹ ni bàbá náà. Òmíràn ní ó ti mutí sùn ni, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i kó mutí rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè é níṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá ọlọ́mọlanke wá. Dájúdájú wọ́n wá, Tọ́sìdeè ni mo dá fún wọn. Mi ò lọ síléèwé lọ́jọ́ náà, mo ní orí ń fọ́ mi. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró táyà ọmọlanke, tí mo sì gbọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì pàdé wọn lójú títì, tí wọ́n ń pariwo lé wọn lórí. Mo gbọ́ tí bàbá náà ń sọ pé, "Ẹ bá mi pe ìyá yẹn. Àwọn ló ní Tọ́sìdeè. Ẹ sáà bá mi pè wọ́n." Ẹnì kan dáhùn pé mo ti lọ síṣẹ́. Mo di kọ́tìnì mú. Mi ò jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló ń jí mi lójú oorun jù.

Mo bẹ Àlàájà kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn fọ aṣọ náà. Mo fi ọṣẹ funfun fọ̀ ọ́, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rin ín, mo sá a sóòrùn, mo tún fọ̀ ọ́, mo ta búlúù sí i. Ọkọ mi rí mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí pé aṣọ ta ni mò ń fọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń fún aṣọ náà lọ. Aṣọ náà mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìṣẹ́po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú àwọ̀ tíì, kò sì lọ. Mo lọ̀ ọ́, mo fi náílọ́ọ̀nù tuntun wé e, mo gbé e lọ fún wọn.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ ra ojú ìṣẹ́po náà.

"O gbìyànjú, Tíṣà." Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ojú fèrèsé ni mo wà. Mo gbọ́ nígbà tí ọkùnrin yẹn ní kó o wá pákó."

Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ dákun, Màmá, ẹ forí jì mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ṣé ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde? Mo ń retí ẹ ni. Lójoojúmọ́, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n má purọ́, á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀." Wọ́n ká aṣọ náà. "Dìde. Èmi ò bínú torí aṣọ. Tí mo bá kú, aṣọ funfun ò wọ́n l'Aswani, èmi náà tà á títí. Ẹni tó o parọ́ mọ́ ńkọ́? Òun ò tíì kú o. Ó ṣì fẹ́ jẹun."

Wọ́n wá nawọ́ aṣọ náà sí mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀, torí pé ilé tèmi ló ga. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìsí ẹ̀gún kankan nínú ohùn wọn. Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ kejì ni mo wá bàbá ọlọ́mọlanke lọ sí Apakun, níbi tí àwọn èèyàn sọ pé wọ́n ti ń wáṣẹ́ kiri láàárín àwọn ọlọ́jà etí títì. Wọ́n jókòó sórí ọmọlanke wọn tó ṣófo. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n dìde, wọ́n rò pé iṣẹ́ ló dé.

"Ìyá wa, ẹ káàsán. Ṣé kọnkéré yẹn ti gbẹ?"

Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú wọn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn tó ń rà tó ń tà, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ohun tí mo sọ lọ́jọ́rú, ẹ̀yìn kọ́tìnì tí mo wà lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra igi ọmọlanke wọn.

"Kí ni mo fi ṣe yín, mà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé.

Ní mítìnnì ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo ń sọ ọ́, mo ń fọwọ́ nu omijé. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ah, Àǹtí Tíṣà, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń sunkún? Mistake náà ni."

Alága ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo láyà. Mo ní kí wọ́n gba ìwé akọ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ta ló fẹ́ máa kọ ọ́. Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, wọn ò gbà kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí wọ́n tó lé e. Èmi tí mo jẹ̀bi, wọ́n fún mi ní ìjókòó àti omi tútù. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ òjò lọ, ó sì tì mí fún àwọn náà.

Wọ́n ní kí bàbá ọlọ́mọlanke máa bọ̀, bàbá náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àlàájà ṣì wà láyé. Aṣọ wọn wà lórí wọ́dúróòbù mi, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó wa. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wọn á wá kan ilẹ̀kùn mi láti wá gbà á, màá sì gbé e jáde pẹ̀lú àwọ̀ tíì lójú ìṣẹ́po rẹ̀.

Ọdọọdún, tá a bá ti gbọ́n gọ́tà tán, ọjọ́ kejì gan-an ni bàbá ọlọ́mọlanke máa ń dé. Kọnkéré mi ti le, mọ́tò ti gorí rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ti sán níbi méjì. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti dé etí rẹ̀, wọ́n á dá táyà ọmọlanke dúró, wọ́n á wo ojú géètì mi, wọ́n á sì bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ìyá wa, ṣé ó ti gbẹ?"

Màá ní, "Ó ti gbẹ, sà. Ẹ máa kọjá." Màá sì dúró síbẹ̀ títí ẹrẹ̀ á fi kọjá tán.